Èdè kọ̀ǹpútà tó fẹ́ ẹ̀bẹ̀, tí kò sì fẹ́ àbẹ̀jù: ọ̀rọ̀ INTERCAL

Òwúrọ̀ ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 1972 ni Don Woods àti Jim Lyon dá èdè kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ìlànà èdè ọ̀hún. Wọ́n wá fi kún un pé ìgbà wo gan-an lówùúrọ̀ ni iṣẹ́ náà wáyé, yóò yé òǹkàwé fúnra rẹ̀ bó bá ṣe ń kà á lọ. Ẹni tó bá ka ojú ìwé mélòó kan péré ti mọ̀: ìgbà tí oorun ti dá lójú, tí kò sí ohun tí kì í pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́ ni.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni INTERCAL, ibẹ̀ sì ni ẹ̀fẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, gígé ni wọ́n ń gé orúkọ èdè kọ̀ǹpútà. Wọn á mú gbólóhùn gígùn kan, wọn á fa lẹ́tà yọ nínú rẹ̀, wọn á wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ohun tó bá kù. Báyìí ni FORTRAN, COBOL, ALGOL àti BASIC ṣe gba orúkọ. Àwọn kan ti ń fi àṣà yìí dárà kí àwọn ará Princeton tó dé. SNOBOL, èdè tí wọ́n ṣe ní Bell Labs, ń dún létí bí orúkọ ìṣù yìnyín tí àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń jù lura wọn. Nígbà tí àwọn mìíràn ṣe irú rẹ̀ tó yára jù ú lọ, SPITBOL ni wọ́n sọ ọ́. Ìró yẹn jẹ́ ti bébà tí ọmọ iléèwé ń fi itọ́ rin kó tó jù ú mọ́ ọmọ tó jókòó níwájú. Woods àti Lyon kò bá wọn gé tiwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orúkọ èdè àwọn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni “Compiler Language With No Pronounceable Acronym”, ìyẹn èdè tí bí a bá gé orúkọ rẹ̀ kúrú, kò ní ṣeé pè lẹ́nu. Wọ́n ní fún ìdí tó hàn gbangba, àwọn gé e kúrú sí INTERCAL. Ẹ wá ìdí náà títí, ẹ ò ní rí i.

Ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí èdè náà má jọ èdè kọ̀ǹpútà kankan tó ti wà rí. Wọ́n to orúkọ àwọn èdè ìgbà náà lọ rẹrẹ sínú ìwé ìlànà, wọ́n ní tiwọn kò bá ọ̀kankan nínú wọn tan. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àwàdà orí bébà lásán ni. Rárá o. Wọ́n kọ compiler rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. SPITBOL tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi kọ ọ́, fún kọ̀ǹpútà IBM System/360. Káàdì oníhò ni wọ́n fi ń bọ́ ẹ̀rọ nígbà náà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní láti lu ihò sí káàdì nítorí yẹ̀yẹ́ náà, kó kó o fún ẹ̀rọ, kó sì dúró de èsì. Òun ló jẹ́ kí n ka ti INTERCAL kún ju àwàdà mìíràn tí àwọn ẹlẹ́ńjiníà ìgbà yẹn ṣe lọ. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣe nínú rẹ̀ ti di òfin, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ lé òfin náà dé ìdí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ àwọn àmì orí bọ́tìnì lórúkọ. Àmì # ni mesh, àwọ̀n. Àmì = wá di half-mesh, ààbọ̀ àwọ̀n. Àmì - ni worm, ekòló. Àmì _ ni flatworm, ekòló pẹlẹbẹ. Àmì ìfàyọ aláméjì " ni rabbit-ears, etí ehoro. Àmì % ni double-oh-seven, lórúkọ amí inú sinimá tó gba ìwé àṣẹ láti pànìyàn. Àmì ìdánudúró jẹ́ spot, kọ́mà jẹ́ tail, ìrù, àmì ; tó ní tibí tó sì ní tọ̀hún jẹ́ hybrid, àdàlù. Àmì ' jẹ́ spark, ẹ̀ta iná. Bí spark bá wá jókòó sórí spot, àmì ìyanu ! ló jáde, wọ́n sì pè é ní wow. Kò parí sí orúkọ o. Nínú INTERCAL, bí ẹ bá ní láti kọ spark kí spot tẹ̀ lé e, òfin gbà yín láyè láti kọ ! kan ṣoṣo dípò méjèèjì. Bí ó ṣe rí lójú èèyàn ni compiler náà ṣe gbà á.

Kò sí àmì àròpọ̀ nínú èdè yìí. Kò sí ti ìyọkúrò, kò sí ti ìsọdipúpọ̀, kò sí ti pínpín. Ẹni tó bá fẹ́ ro 2 mọ́ 2 á lọ yá iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de irú rẹ̀. Ọ̀nà márùn-ún péré tí a fi ń da àwọn bit láàmú ló wà. Bit ni òdo àti ení tí gbogbo nọ́ńbà jẹ́ nínú ikùn kọ̀ǹpútà. Mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn èdè yòókù mọ̀, àmọ́ wọ́n ti yí i po. Méjì ni wọ́n hùmọ̀ fúnra wọn. Ọ̀kan ni mingle: ó ń gba nọ́ńbà méjì oníbit 16, ó ń mú bit kan níbí, ó ń mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí onídìrí ṣe ń gbé irun kọjá lórí ara wọn, títí wọn á fi di nọ́ńbà kan oníbit 32. Àmì owó sẹ́ńtì, ¢, ni wọ́n fi ń kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ sì ni change, owó ṣẹ́ńjì. Nígbà tí èdè náà dé orí ẹ̀rọ tí kò ní àmì yìí, wọ́n fi àmì dọ́là dípò, wọ́n pè é ní big money, wọ́n ní ó dúró fún bí owó ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń ga sí i ju owó ẹ̀rọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tí ẹ lè kọ ní tààrà ní INTERCAL ni 65535. Bí ẹ bá wá fẹ́ 65536 ńkọ́? Ìwé ìlànà ní kí ẹ kọ ọ́ báyìí (:1 ni àpò tí nọ́ńbà náà máa wọ̀):

DO :1 <- #0¢#256

Nínú 256, bit kan ṣoṣo ló jẹ́ ení. Ipò 8 ló wà, bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òdo lápá ọ̀tún. Mingle ti bit òdo kọ̀ọ̀kan bọ àárín gbogbo bit rẹ̀, ipò 8 wá di ipò 16. Ení tó bá wà ní ipò 16 jẹ́ 65536. Ó pé pérépéré, kò sì sí ọ̀nà tó rọrùn jù ú lọ. Ìwé ìlànà náà gbádùn èyí débi pé ó sọ ìtàn lé e lórí: bí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó sì ní làákàyè, pé ọ̀nà tó rọrùn jù láti kó 65536 sínú àpò oníbit 32 nìyí, á ní irọ́ ni, nígbà tó sì jẹ́ òótọ́, ojú á tì í níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á sì ti yọ sí wọn lásìkò yẹn gan-an, bí ìṣe àwọn ọ̀gá.

Ìkejì ni select, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ~. Ó ń wo ibi tí nọ́ńbà kejì ti ní ení, ó ń ṣa bit tó wà níbẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ó ń kó wọn jọ sápá ọ̀tún. #179~#201 jẹ́ 9. Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò: 179 jẹ́ 10110011, 201 jẹ́ 11001001, ohun tó sì máa kù lọ́wọ́ yín ni 1001.

Àwọn àṣẹ inú rẹ̀ ló súnmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu jù. Nínú àwọn èdè tó kù, READ ni pé kí kọ̀ǹpútà gba ohun tí èèyàn fún un, WRITE ni pé kó gbé èsì jáde. INTERCAL yí i po: WRITE IN ló ń gbà, READ OUT ló ń gbé jáde. Ẹ bá a wí, á ní èèyàn ló ń kọ wọlé, èèyàn náà ló sì ń kà á nígbà tó bá jáde; irọ́ ibẹ̀ dà? IGNORE wà, ó ń sọ fún ètò pé kó má dá àpò nọ́ńbà kan lóhùn mọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ kó sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, kò ní wọlé títí ẹ ó fi kọ REMEMBER. ABSTAIN FROM ń ní kí ètò yẹra fún iṣẹ́ kan, REINSTATE ń dá iṣẹ́ náà padà sẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá kọ %40 sẹ́yìn DO, ìlà yẹn á ṣiṣẹ́ ní ìgbà 40 nínú 100, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó máa jẹ́. Èyí ni double-oh-seven tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, níbi tí amí ti gba àṣẹ ìpànìyàn: ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Òyìnbó ń lò fún kí ètò ṣiṣẹ́ àti kí wọ́n pa ọ̀daràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, àṣẹ tó ń dá ètò dúró ni GIVE UP.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ PLEASE ni ọba wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DO, pẹ̀lú PLEASE, tàbí pẹ̀lú PLEASE DO. Ìwé ìlànà sọ bí ẹni pé ìkan-ùn-kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Compiler ń ka iye PLEASE tó wà nínú ètò yín. Bí kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìlà, á kọ iṣẹ́ náà, á ní ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé tó. Bó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, á tún kọ̀ ọ́, á ní ẹ ti ń bẹ òun jù. Òfin yìí wà nínú compiler Princeton láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ro ti akẹ́kọ̀ọ́ tó lu káàdì rẹ̀ láìsí àṣìṣe, tí ẹ̀rọ dá a padà, tó ka ìwé ìlànà láti èpo dé èpo tí kò rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, a kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún wa. Ọmọ tí kò kí ni lówùúrọ̀ kò ní ẹ̀kọ́. Èyí tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó béèrè owó, àwọn àgbà á ti mọ̀ pé owó náà pọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tó kàn pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Woods àti Lyon fi ìṣirò sí i. Ètò kan tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ INTERCAL mọ̀, èyí tó ń kọ “Hello, world” síta, ní ìlà 16. PLEASE mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan nítòsí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, méjì tó kù ní ìparí, lórí READ OUT àti GIVE UP. Mẹ́rin nínú 16 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì bọ́ sáàárín. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ó ku mẹ́ta, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mọ́. Ẹ̀rọ á bínú.

Ìfọ̀rọ̀dárà tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ wà lára òfin yìí kan náà. Bí ẹ bá fi NOT tẹ̀ lé PLEASE tàbí DO, compiler á fo ìlà náà. Kò sì bìkítà nípa àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé ìlà tí kò bá yé e kì í ṣe àṣìṣe lójú rẹ̀, àfi bí iṣẹ́ bá kàn án lára nígbà tí ètò ń lọ. Ẹ wá wo ohun tí ìwé ìlànà fi ṣe àpẹẹrẹ bí a ṣe ń kọ àlàyé sínú ètò:

PLEASE NOTE THAT THIS LINE HAS NO EFFECT

Ojú èèyàn rí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a kíyè sí i pé ìlà yìí kò ṣe nǹkan kan. Compiler rí PLEASE, ó rí NOT, ó rí wúruwùru tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E, ó fò ó. Lóòótọ́, ìlà náà kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ronú kan èyí lóru tó fi máa mọ́ jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ti nọ́ńbà kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó nọ́ńbà fún ètò á fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ ní díjíìtì kọ̀ọ̀kan, ONE FOUR fún 14; èsì á jáde ní nọ́ńbà Róòmù. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ̀rín ibẹ̀ ti tán. Ó dára pé àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà gbà kí èèyàn kọ ọ́ ní èdè Sanskrit, Basque, Tagalog, Nahuatl, Kwakiutl àti ti Georgia. Wọn kò fi Yorùbá sí i. Ó yẹ kí wọ́n rántí wa: bí Róòmù ṣe ń fi ení ṣáájú mẹ́wàá kó tó di 9 ni àwa náà ṣe ń pe 19 ní mọ́kàndínlógún.

Compiler náà tún ní àǹfààní kan tí wọ́n kọ sínú ìwé láìrẹ́rìn-ín: bí ẹ bá jẹ́ kí ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó ń rọra ti àbùkù kan bọ inú ètò yín fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ètò bá kọlu àbùkù náà, nọ́ńbà àṣìṣe 774 ló máa jáde. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ á kọ NOBUG sí i nígbà tó bá ń kó iṣẹ́ fún un. Gbogbo ẹni tó ti lo compiler gidi rí tó sì fura pé àbùkù náà kì í ṣe tòun á mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí níbẹ̀. Ìwé ìlànà náà kò ní appendix, ìyẹn àfikún ẹ̀yìn ìwé, bí ti àwọn yòókù. Wọ́n ní nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ẹ̀yà ara tó ṣeé gé sọnù náà ni appendix, ẹ̀yà mìíràn tó ṣeé gé sọnù làwọn máa fi sí tàwọn. Tonsil ni wọ́n fi sí i, bèlúbèlú ọ̀fun.

Compiler ti Princeton wà fún ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì bá ẹ̀rọ náà gbó. Ní 1990, Eric Raymond tún èdè náà kọ lédè C, ó sì pè é ní C-INTERCAL, kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí Unix, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Òun ló fi COME FROM kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ gùn díẹ̀. Ní 1968, Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ lẹ́tà kan tó lókìkí, ó ní àṣẹ GO TO, tó ń gbé ètò láti ìlà kan fò lọ sí òmíràn, ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àríyànjiyàn gbóná lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní 1973, R. Lawrence Clark kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Datamation pé òun ti rí àtúnṣe: kí a pa GO TO tì, kí a máa lo COME FROM. Ẹni tó bá ka GO TO mọ̀ ibi tí ètò ń lọ. COME FROM kò ní kọ ohunkóhun síbi tí ètò wà. Ní ibòmíràn tó jìnnà réré, ìlà kan á kàn kọ ọ́ pé “wá láti ìlà kẹwàá”, bí ètò bá sì ti ṣe ìlà kẹwàá tán, á pòórá níbẹ̀, á yọ sí ọ̀hún. Ẹni tó ń ka ìlà kẹwàá kò ní mọ ohun tó gbé e lọ. Àwọn ẹlẹ́ńjiníà fẹ́ràn àwàdà yìí púpọ̀. Lójú tèmi, PLEASE jù ú lọ, nítorí ẹni tó bá ti kọ ètò rí nìkan ni COME FROM ń pa lẹ́rìn-ín.

C-INTERCAL náà ló ní àwọn ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó dùn jù. Bí ẹ bá gbàgbé GIVE UP, ètò á ṣe ìlà tó kẹ́yìn tán, á sì sọ pé òun ti já bọ́ láti etí: PROGRAM FELL OFF THE EDGE. Bí ẹ bá fẹ́ ti nọ́ńbà ńlá bọ àpò oníbit 16, á kìlọ̀ fún yín pé DON'T BYTE OFF MORE THAN YOU CAN CHEW, ẹ má gé ju èyí tẹ́nu yín lè jẹ lọ. Ìfọ̀rọ̀dárà ni byte fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Werner Buchholz ti IBM ló dá a sílẹ̀ ní 1956. Ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgéjẹ, ó fi y dípò i nínú rẹ̀ kí àwọn èèyàn má baà ṣì í kà sí bit.

Wọ́n wọn ìyára INTERCAL nígbà kan, lórí kọ̀ǹpútà SPARCstation 1 ti ilé iṣẹ́ Sun. Iṣẹ́ náà ni kí ó wá gbogbo nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó kéré sí 65536, àwọn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àfi ení àti ara wọn. Èdè C ṣe é tán kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó dé ìdajì. INTERCAL lò ju wákàtí 17 lọ. Nọ́ńbà tí méjèèjì gbé jáde kò yàtọ̀ síra.

Woods kò fi INTERCAL ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó kọjá lọ sí Stanford, níbi tó ti gba eré kan tí Will Crowther kọ nípa ihò àpáta, tó sì fẹ̀ ẹ́ di Adventure, eré orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan, tó gba wákàtí iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì láti ìparí àwọn ọdún 1970 síwájú. Ó tún wà lára àwọn tó ṣàkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹlẹ́ńjiníà kọ̀ǹpútà di ìwé ní 1983.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lónìí á rí C-INTERCAL gbà lọ́fẹ̀ẹ́; Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, kó o mọ́ àwọn ètò tó ń pín káàkiri. Orúkọ tí ẹ máa tẹ̀ láti pe compiler rẹ̀ ni ick, ìró tí ọmọ Òyìnbó ń fi ẹnu ṣe bí wọ́n bá gbé oúnjẹ tí kò fẹ́ síwájú rẹ̀. Bí ẹ bá fi -b sí i, kò ní ti àbùkù bọ inú iṣẹ́ yín.